Ìwé Ìdúpẹ́ Ìparí Ọdún 2024, àti Àwọn Tí Orúkọ Wọn Kò Sí Níbẹ̀

Ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé tí mo ti ń ṣe akọ̀wé kì í ṣe ńlá. Ìbàdàn la wà, lápá Àkóbọ̀, iṣẹ́ tí a sì ń rí gbà kò ju ilé gbígbé, ṣọ́ọ̀bù alájà kan, ilé-ìwé aládàáni àti gbọ̀ngàn ìjọ lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí wáyé láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó gbẹ̀yìn ọdún 2024. Ìwé ìdúpẹ́ ló dá a sílẹ̀, irú èyí tí ọ̀gá wa máa ń kọ sí òṣìṣẹ́ lọ́dọọdún kí ọ́fíìsì tó tì fún Kérésì. Mo ti tẹ irú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnikẹ́ni ò sì bá wa jà sí i rí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ọdún tí a ń dúpẹ́ lé lórí, torí ẹni tí kò bá mọ ohun tí ojú àwọn kọ́lékọ́lé rí lọ́dún náà kò ní mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ fi le tó bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ ni gbogbo nǹkan ti ń gbẹ́sẹ̀ sókè. Náírà já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là. Àpò sìmẹ́ǹtì oníkílò 50 tí kò tíì tó ₦5,000 lọ́wọ́ wa níbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023 ti kọjá ₦10,000 nígbà tó fi di oṣù Kejì ọdún 2024. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń tà á ní ₦15,000. Lọ́jọ́ 19 oṣù náà, ìjọba pe Dangote, BUA àti Lafarge sí ìpàdé l'Ábújá, wọ́n sì jáde pé àdéhùn ti wà: ₦7,000 sí ₦8,000 ni, ó kù sí ibi tí oníkálukú ń gbé. A gbọ́ ọ lórí rédíò. Ọ̀gá ní kí n pe ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì fún wa ní Bódìjà. Mo pè é, mo sọ iye tí a gbọ́. Ó ní kí n lọ rà á lọ́wọ́ rédíò.

Iṣẹ́ tí a gbà lọ́dún 2023, owó ọdún 2023 la bù lé e. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa kò sì fẹ́ gbọ́ pé ọjà ti wọ́n. Ọ̀kan nínú wọn wo ọ̀gá lójú, ó ní, “Ẹnjiníà, ká ní ó wálẹ̀ ni ńkọ́, ṣé ẹ ó dá owó padà fún mi?” Ọ̀gá ò rí èsì fún un. Kò sì ní dá a padà lóòótọ́, gbogbo wa mọ̀. Bí a ṣe ti sáìtì pa láti àárín oṣù Kejì nìyẹn, gbogbo rẹ̀ pátá, títí a fi rí àwọn oní-ilé bá dúnàádúrà.

Owó oṣù tiwa ní ọ́fíìsì pẹ́ kó tó wọlé lóṣù yẹn. A kùn, ṣùgbọ́n ó wọlé. Ti àwọn ará sáìtì yàtọ̀. Bíríkìlà, kafíńtà, ayọ́n-bẹ́ńdà tó ń tẹ irin, lébìrà tó ń ru yanrìn, òòjọ́ ni gbogbo wọn ń gbà. Bí sáìtì bá tì, òòjọ́ tì. Bí òjò bá rọ̀ láàárọ̀, tí ilẹ̀ di ẹrẹ̀, wọ́n á jókòó sábẹ́ páànù títí di agogo mẹ́wàá, fómánù á wá ní kí kálukú máa relé. Owó ọkọ̀ tí wọ́n wọ̀ wá ti lọ, èyí tí wọn yóò wọ̀ padà ń dúró, kò sì sí kọ́bọ̀ tí wọ́n mú bọ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí Ààrẹ fọwọ́ sí òfin owó oṣù tó kéré jù lọ lọ́jọ́ 29 oṣù Keje, tí ó di ₦70,000, akáǹtáǹtì wa fi tayọ̀tayọ̀ ṣe ìṣirò kan. Ó ní lébìrà wa tó ń gba ₦6,000 lójúmọ́ sàn ju òṣìṣẹ́ ìjọba lọ fíìfíì, torí bí a bá sọ ₦6,000 di ọ̀nà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ₦156,000 ni. Ìṣirò náà tọ̀nà. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó níbẹ̀ ni pé kò sí lébìrà wa kan tó rí iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ṣe nínú oṣù kan lọ́dún 2024.

Iṣẹ́ kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ rí dáadáa kí n tó dé orí ìwé. Oṣù Kẹwàá ni, a fẹ́ da dẹ́kì ilé-ìwé kan tí a ń kọ́ lápá Mọ́níyà. Dẹ́kì kì í ṣe iṣẹ́ tí à ń dá dúró láàbọ̀. Bí kọnkéré tí a dà láàárọ̀ bá ti ń le kí èyí tó kàn tó bá a, àwọn méjèèjì kò ní mú ara wọn, ibẹ̀ ni yóò máa là, ibẹ̀ lomi yóò máa gbà wọlé. Bí a bá ti da páànù kọnkéré àkọ́kọ́, a ti bọ́ sí i nìyẹn, àfi ká parí ẹ̀. Ọ̀gá ra epo sílẹ̀ fún míkísà, lítà kan ti ń lọ sí ₦1,000 nígbà yẹn. Epo kò tán. Míkísà fúnra rẹ̀ ló kú, lọ́sàn-án gangan, tí a ò tíì da ìdajì.

Mo wà níbẹ̀ torí pé èmi ni mo kó owó oúnjẹ wá. Kò sẹ́ni tó pàṣẹ fún wọn. Àwọn lébìrà tú yanrìn àti gíráníìtì sórí ilẹ̀ tí wọ́n ti gbá mọ́, wọ́n ń ka páànù sókè bí wọ́n ṣe ń dà á: yanrìn méjì, òkúta mẹ́rin, sìmẹ́ǹtì kan. Wọ́n fi ṣọ́bìrì yí i lẹ́ẹ̀mẹta ní gbígbẹ kí wọ́n tó dá ihò sí i láàárín fún omi. Àwọn yòókù ti tò sórí àkàbà látìsàlẹ̀ dókè. Páànù kọnkéré ń lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́, òfìfo ń bọ̀ látòkè lápá kejì. Ẹni tó wà lókè pátápátá kì í wo ìsàlẹ̀. Á kàn na ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, páànù á bá a níbẹ̀. Àwọn bíríkìlà ń fi pákó gùn ún, wọ́n ń tẹ́ ẹ, wọ́n ń pariwo “ẹ mú u wá.” Àwọn Mùsùlùmí inú wọn kí ìrun Ìrọ̀lẹ́, wọ́n kí ti Ìṣá, ní méjì-méjì kí iṣẹ́ má baà dúró. Iná jẹnẹrétọ̀ la fi parí rẹ̀. Ọ̀gá fi ₦2,000 kún owó kálukú lálẹ́ ọjọ́ náà, inú wọn dùn. Dẹ́kì yẹn wà níbẹ̀ di òní, kò la.

Ẹnì kan wà tí kò sí lórí àkàbà lọ́jọ́ yẹn. Lébìrà ni, ọ̀dọ́mọkùnrin. Lóṣù Kẹjọ ni pákó ṣẹ́ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń rẹ́ ògiri ní sáìtì kan nítòsí ọ́fíìsì, ó já bọ́, apá rẹ̀ kán. Ọ̀gá san owó fọ́tò tí wọ́n yà sí apá náà, ó san ti ọsibítù, nígbà tó yá àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń to eegun nílé wọn. Àpò ọ̀gá lowó náà ti jáde. Ó ṣeun, mi ò ní sọ pé kò ṣeun. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù tí apá náà fi wà lọ́rùn ọmọ yìí, kò sí ohun tó ń wọlé fún un.

Wàyí o, ìwé ìdúpẹ́. Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá kọ ọ́, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa. Ó ní ọdún náà le ṣùgbọ́n a là á já. Ó ní ẹbí kan ni gbogbo wa. Ó wá dárúkọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú gbólóhùn kan fún olúkúlùkù: akáǹtáǹtì, ẹni tó ń ṣírò ohun èlò, àwọn ẹnjiníà wa kékeré, dírẹ́bà, ẹni tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rù, fómánù, èmi náà. Ọjọ́ Ẹtì, 20 oṣù Kejìlá, ni wọ́n dá fún ìpàdé, níbi tí wọn yóò ti kà á, tí wọn yóò sì pín ìrẹsì.

Ọjọ́ Ajé ṣáájú rẹ̀ ni fómánù yà ní ọ́fíìsì, mo fún un ní tirẹ̀. Ọkùnrin náà ti ń kọ́lé kí wọ́n tó bí ọ̀gá wa. Wọ́n ka iwájú, wọ́n ka ẹ̀yìn, wọ́n ní kí n bá àwọn sọ fún ọ̀gá pé àwọn fẹ́ rí i. Wọ́n wọlé, ọ̀gá dìde.

“Ẹnjiníà, mo ka ìwé yín. Ó dùn. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ la ó ṣe láyé.”

“Àmín, Bàbá.”

“Ṣùgbọ́n ta ló kọ́ ilé?”

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. “Àwa náà ni, Bàbá.”

“Àwa wo? Mo ka orúkọ tó wà níbí. Yàtọ̀ sí èmi, kò sí ẹni tó di tírówẹ́lì mú lọ́dún yìí.”

Akáǹtáǹtì gbọ́ láti yàrá kejì, ó wọlé. Ó fi ohùn jẹ́jẹ́ ṣàlàyé pé àwọn yẹn kì í ṣe òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́, alágbàṣe ni wọ́n. Òní wọ́n wà lọ́dọ̀ wa, ọ̀la wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Bàbá ní, “Mo gbọ́, ìyá mi. Ọjọ́ tí wọ́n bá wà lọ́dọ̀ wa, ta ni wọ́n ń bá ṣiṣẹ́?” Wọ́n yíjú sí ọ̀gá. “Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹbí kan ni wá. Bí ẹbí bá pa ẹran ọdún, tí wọ́n pín in, tí wọ́n fo ojúlé kan, ẹ mọ̀ pé ẹjọ́ yẹn lè lo ogún ọdún. Ó sàn kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ ẹbí kúrò, kí ó jẹ́ ìwé ará ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó máa bínú.”

Bí ọ̀gá bá ti gba ìmọ̀ràn yẹn, ọ̀rọ̀ ì bá ti parí síbẹ̀. Dípò bẹ́ẹ̀, ó ní kí Bàbá lọ mú táìmù-búùkù wá.

Ìwé gígùn ni, aléèpo líle. Sìmẹ́ǹtì ti ta sí i títí eteetí rẹ̀ fi gan bíi pákó, ojú ewé mìíràn ti lẹ̀ mọ́ra, a ń fi ọ̀bẹ là á. Òwúrọ̀-òwúrọ̀ ni Bàbá ń fi mú orúkọ: ìlà gbọọrọ fún ọjọ́ kan, ìlà kúkúrú fún ààbọ̀ ọjọ́. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ló pa akáǹtáǹtì lẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà ni kò rín mọ́. “Kútọnu àgbà.” “Kútọnu kékeré.” “Àbúrò Kútọnu.” “Bàbá Ìbejì.” “Mùsá gíga.” “Ẹlẹ́nu dídùn.” Àwọn kan wà tí wọ́n ti ń bá wa ṣiṣẹ́ láti ọdún 2019 tí kò sí ibì kan ní ilé-iṣẹ́ wa tí orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n wà. Owó wọn a máa jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nínú ìwé ìṣirò wa, ó kàn jẹ́ pé “owó sáìtì” la ń kọ sí i lórí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó omi àti owó ìṣó.

Ọ̀gá ń ṣí i lọ. Nígbà tó dé ìdajì oṣù Kejì, ojú ewé ṣófo. Ó ṣí òmíràn, ó ṣófo. Bàbá kò sọ̀rọ̀. Lójú tèmi o, ojú ewé wọ̀nyẹn ni ìròyìn ọdún ilé-iṣẹ́ wa gan-an. Ìwé ọ̀gá ní a là á já. Bí a ṣe là á já nìyẹn: owó tí a kò san fáwọn ènìyàn wọ̀nyí nígbà tí sáìtì tì ló gbé wa dé oṣù Kẹrin. Wọ́n yá wa lówó, a ò sì bèèrè lọ́wọ́ wọn kí a tó yá a.

Ọ̀gá fóònù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ lọ́yà lọ́jọ́ kejì. Torí apá tó kán lóṣù Kẹjọ ló ṣe pè é, ó fẹ́ mọ̀ bóyá òun jẹ gbèsè kan. Lọ́yà náà ní kí ó wo Òfin Ẹ̀san Òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010, èyí tí àjọ ìjọba àpapọ̀ kan, NSITF, ń mójú tó. Òfin náà ní kí agbanisíṣẹ́ máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń san fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò kan; bí òṣìṣẹ́ bá fara pa lẹ́nu iṣẹ́, àpò yẹn ni yóò ti rí ìtọ́jú àti ẹ̀san. A ń san án fún àwa ará ọ́fíìsì. Ibi tí lọ́yà ti já wa láyà ni ibi tí òfin ti túmọ̀ òṣìṣẹ́: ẹni tí adéhùn rẹ̀ wà nínú ìwé àti ẹni tí adéhùn rẹ̀ jẹ́ ti ẹnu, ẹni ìgbà díẹ̀, ọmọ iṣẹ́, àti alágbàṣe pẹ̀lú. Ó ti wà bẹ́ẹ̀ láti 2010. Akáǹtáǹtì ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun kí òun fojú ara òun kà á. Ó kà á. Kò sọ̀rọ̀ “kì í ṣe òṣìṣẹ́” mọ́, ó kàn bèèrè pé orúkọ wo ni a ó fi sílẹ̀ fún NSITF, ṣé Kútọnu kékeré ni?

Ìbéèrè rẹ̀ mọ́gbọ́n wá, ó sì kọjá ọ̀rọ̀ owó. Ẹ rántí ilé alájà mọ́kànlélógún tó wó ní Gerrard Road, n'Ikoyi, lọ́jọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021. Wọ́n ṣì ń kọ́ ọ lọ́wọ́ ni. Ó lé ní ogójì ènìyàn tó kú, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ wà nínú wọn. Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ni àwọn ẹbí fi dúró lẹ́yìn ọgbà, tí ẹnikẹ́ni ò lè sọ ní pàtó iye tó wà nínú ilé nígbà tó wó. Gbogbo wa tó ń kọ́lé la sọ̀rọ̀ nípa irin àti kọnkéré ilé yẹn. Ìwé orúkọ ò wá sẹ́nu wa. Bí dẹ́kì Mọ́níyà bá wó lulẹ̀ lóṣù Kẹwàá, ta ni à bá pè?

Nígbà tó di ọjọ́ Rú, 18 oṣù Kejìlá, ohun tó bà wá nínú jẹ́ ṣẹlẹ̀ nítòsí wa. Níbi àríyá ọmọdé tí wọ́n ṣe ní Islamic High School, Baṣọ̀run, èrò pọ̀ ju àyè lọ, àwọn ọmọ tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ọmọ márùndínlógójì ló kú. Baṣọ̀run kò jìnnà sí ọ́fíìsì wa. A mọ òbí tí ó wá ọmọ rẹ̀ láti ọsibítù dé ọsibítù. Ọ̀gá ti ń gbèrò àtipe àwọn ará sáìtì náà sí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Bọ̀, ó ní òun kò pe ìpàdé kankan mọ́. Kò sí pé kí ọgọ́rùn-ún ènìyàn dúró de ìrẹsì ní ẹnu géètì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó tẹ̀ lé e la gbọ́ ti Òkìjà ní Anambra àti ti Àbújá, níbi tí èrò ti tẹ ènìyàn pa bí wọ́n ṣe ń pín oúnjẹ, a ṣe kàyéfì pé ó kù díẹ̀ kí àwa náà pe èrò jọ.

Ìpinnu tí a ṣe ni pé àwa la ó máa tọ àwọn òṣìṣẹ́ lọ ní sáìtì, lọ́kọ̀ọ̀kan, àti pé owó la ó mú lọ. Àpò ìrẹsì oníkílò 50 ti ń lọ sí nǹkan bíi ₦100,000 lọ́jà, bí a bá sì bù ú fún gbogbo wọn, kóńgò mélòó ni yóò kan ẹnì kan? Níbo ni owó yóò ti wá? Ọ̀gá fagi lé àsè ìparí ọdún ti ọ́fíìsì, ó fagi lé kàléńdà àti dáyárì ọdún 2025 tí a fẹ́ tẹ̀. Ẹ̀yin tó ń ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì mọ bí ọ̀rọ̀ dáyárì ṣe máa ń rí. Ariwo tó sọ ní ọ́fíìsì nítorí dáyárì ju ti àsè lọ. Ẹnì kan ní ta ni yóò mọ̀ pé ilé-iṣẹ́ ṣì wà tí kò bá sí kàléńdà wa lára ògiri?

Kí a tó jáde, Bàbá tún dá wa dúró. Wọ́n ní kí ọ̀gá má lọ sí Mọ́níyà kí ó tó san owó kafíńtà. Ọ̀rọ̀ yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Kafíńtà tó kan pákó dẹ́kì, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀, gbà á ní àgbàpọ̀ ni, kì í ṣe òòjọ́. Nínú iṣẹ́ wa, oní-ilé máa ń dá ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó dúró lọ́wọ́ kọngílá títí oṣù mẹ́fà tàbí ọdún kan, kí ó lè rí i pé ilé kò sán, kò sì jò. Kò burú, adéhùn ni. Ṣùgbọ́n bí oní-ilé ṣe dá tiwa dúró ni àwa náà dá ti kafíńtà dúró, bẹ́ẹ̀ pákó tí ó kàn ti kúrò nídìí dẹ́kì tipẹ́, ó ti lò ó níbòmíràn. Kí ni a ń dúró wò lára iṣẹ́ rẹ̀? Bàbá ní, “Ẹni tí a jẹ ní gbèsè kì í gbọ́ ẹ ṣeun. Owó rẹ̀ ló ń gbọ́.” Ọ̀gá fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì kafíńtà lójú ẹsẹ̀, mo sì rí i pé ó dùn ún díẹ̀, torí oní-ilé kò tíì san fún òun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta la kọ́kọ́ jáde, a parí rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, 23. Bàbá ló ka ìwé náà, ní Yorùbá. Ọ̀gá ti tún un kọ, ó sì kúrú ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó sọ fún wọn pé nígbà tí sáìtì tì lóṣù Kejì, àwọn ló ru ẹrù náà, òun mọ̀. Ó dárúkọ dẹ́kì Mọ́níyà, ó dárúkọ ọmọ tí apá rẹ̀ kán. Lẹ́yìn náà ni wọ́n pe orúkọ, orúkọ pípé, tí èmi àti Bàbá ti fi ọjọ́ mẹ́ta fóònù kiri kí a tó rí i kó jọ. Àwọn kan ń yí ojú ká nígbà tí wọ́n gbọ́ orúkọ ara wọn. Ọ̀kan ní a ṣi ti bàbá òun kọ, kò sì jẹ́ kí a kúrò níbẹ̀ títí mo fi fi bírò tún un ṣe níṣojú rẹ̀.

Àwọn tó ń fi táìlì ṣiṣẹ́ fún wa, ará orílẹ̀-èdè Benin ni púpọ̀ nínú wọn, wọ́n ti gba ẹnubodè Sẹ̀mẹ́ kọjá lọ sílé ọdún kí a tó dé. Bàbá gba tiwọn pa mọ́. Àwọn mẹ́rin kan wà tí nọ́ḿbà wọn kò wọlé rárá. Orúkọ wọn wà nínú ìwé, owó wọn wà nínú sééfù.

Ẹni tí kò sí nínú ètò ẹnikẹ́ni ni ìyá tó ń ta oúnjẹ ní sáìtì Mọ́níyà. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ tán, ìyá náà mú ìwé àwìn tiwọn jáde. Wọn kò bá wa jà. Wọ́n ní níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé à ń dúpẹ́ ọdún, kí àwọn náà fi tiwọn hàn. Láti oṣù Kejì ni. Àwọn lébìrà tó ń wá wò bóyá sáìtì ti ṣí, ìyá náà ló ń fún wọn ní ẹ̀bà jẹ láwìn. Àwọn kan ti san, àwọn kan ti bá ibi iṣẹ́ mìíràn lọ. Àròpọ̀ ohun tó kù kò pọ̀ lójú ọ̀gá, ó pọ̀ lójú ẹni tó ń ta ẹ̀bà. Ọ̀gá ní kí n san án. Akáǹtáǹtì bi mí lọ́jọ́ kejì pé abẹ́ kí ni kí òun kọ ọ́ sí. Mo ní kí ó kọ “oúnjẹ òṣìṣẹ́.”

Mi ò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ènìyàn ló gba ohun tí a ṣe. Ẹnjiníà wa kan ní ìwúrí lásán ni gbogbo rẹ̀, pé tí ọjà bá tún gbóná, sáìtì yóò tún tì, wọ́n á tún padà sílé láìgba kọ́bọ̀, ìwé ìdúpẹ́ kò ní bọ́ ẹnikẹ́ni. Òótọ́ ló sọ. Àwọn kan lára lébìrà náà kò gbà á bí a ṣe rò. Nígbà tí a ṣí iṣẹ́ padà lóṣù Kìíní 2025, tí táìmù-búùkù tuntun ní àyè fún orúkọ pípé, nọ́ḿbà fóònù àti ẹni tí a ó pè bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, àwọn méjì kọ̀ láti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ti yá owó lórí fóònù rí, wọ́n mọ ohun tí àwọn ayánilówó fi nọ́ḿbà ẹbí ẹni ṣe. Bàbá kò fi ipá mú wọn. Ó kọ nọ́ḿbà tirẹ̀ sí iwájú orúkọ wọn.

NSITF ti bẹ̀rẹ̀. Òpin oṣù kọ̀ọ̀kan ni akáǹtáǹtì ń ro ìlà inú táìmù-búùkù pọ̀, á sì yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Ọmọ tí apá rẹ̀ kán ti padà, ìdí míkísà ni wọ́n fi í sí, kò gun àkàbà. Ohun tó kù nílẹ̀ ni owó ọjọ́ òjò. Bàbá ní kí ẹni tó bá ti dé sáìtì kí òjò tó rọ̀ gba ààbọ̀ òòjọ́. Ọ̀gá ní kí ó jẹ́ owó ọkọ̀. Akáǹtáǹtì ní tí ó bá ti di ààbọ̀, àwọn kan á máa fi òjò ṣe àwáwí, Bàbá sì dá a lóhùn pé àwọn kò tíì rí lébìrà tó lè rọ òjò. Wọ́n sún ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ náà sí oṣù Kẹta 2025, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ dáadáa.